Igun Ni A Fi Ń Mọ Oníṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Wa Lórí Sítíkà Ara Mọ́tò

Ìwé ìrántí yìí sábà máa ń kún fún fọ́tò àwọn tó joyè àti ìpolówó ọjà, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa oníṣẹ́ ọwọ́ inú ẹgbẹ́, àwa tí a ń na pánẹ́ẹ̀lì, tí a ń kun mọ́tò, tí a ń kọ lẹ́tà sára ọkọ̀, ni a bẹ Olóòtú pé kí ó fún wa ní ojú ìwé díẹ̀ lọ́dún yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ti ń di ìtìjú fún wa. Ọ̀rọ̀ sítíkà tí àwọn ọmọ wa ń lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò ni.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín. Yóò ní, "Nínú gbogbo ohun tí ojú ọmọ Yorùbá ń rí ní Òkè Ọya, sítíkà ni ẹ rí sọ?" Bẹ́ẹ̀ ni, sítíkà ni. Ẹ ní sùúrù fún wa.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọkùnrin kan wá bá wa ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìpàdé. Ọmọ Kánò gan-an ni, inú ìlú àtijọ́ ni wọ́n bí i sí. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí a jọ̀ọ́ jáde wá wo ọkọ̀ òun. Mọ́tò funfun ni, ó sì ti ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa fi sítíkà dúdú bo orí rẹ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ náà kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ṣí, wọ́n ká sókè bí ewé tí oòrùn pa, eruku ọyẹ́ sì ti kún abẹ́ wọn. Ọkùnrin náà mú igun kan, ó fà á díẹ̀ kí a lè rí abẹ́ rẹ̀. Ojú abẹ ni a rí níbẹ̀. Ó lọ tààrà láti etí kan dé èkejì, ó gé ọ̀dà kọjá títí ó fi kan irin, irin náà sì ti ń dípẹtà, ó pọ́n bí epo.

Ó ní ọmọ tó ṣe iṣẹ́ náà ti pa fóònù. Ó ní bàbá òun ló máa ń sọ fún òun láti kékeré pé bí òun bá ń wá iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́, kí òun lọ bá àwọn Yarbawa ní Sábọ̀n-Gàrí. Ó wá wò wá lójú, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin náà nìyí?"

A dá owó jọ, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa sì kun bọ́nẹ́ẹ̀tì náà láìgba kọ́bọ̀. Owó ṣeé dá padà. Ìbéèrè yẹn ni kò sí ẹni tó rí i dáhùn nínú wa, òun náà ló sì jẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ rántí ibi tí a ti wá. Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé Kánò ní 1911 ni àwọn èèyàn wa ti ń bá a wọ ìlú yìí pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ, pẹ̀lú òòlù, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Kò sí ilẹ̀ bàbá wa níbí. Kò sí oko tí a jogún. Ohun tí àwọn bàbá wa fi jẹun, tí wọ́n fi rán wa níléèwé, ni pé bí wọ́n bá ṣe nǹkan, ó máa ń pẹ́. Àlejò tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá ti bàjẹ́, kí ló tún kù tó fẹ́ fi gbé nílùú onílùú?

Ó yẹ kí a ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń sanwó fún un ni kò mọ̀ ọ́n, àwọn kan tó ń gbowó rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Sítíkà tí a ń wí kì í ṣe èyí tí a fi ń kọ àdúrà sẹ́yìn ọkọ̀. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ni, tí wọ́n ká jọ bí aṣọ, tí ó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà, ojú lásán kò sì tètè mọ ìyàtọ̀ wọn. Èyí àkọ́kọ́, tí òyìnbó ń pè ní cast, ṣe ni wọ́n dà á bí ẹni da ògì sórí àwo tó tẹ́jú, tí wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ. Kò sí ohun tó fà á, kò sì sí ibi tó ń wá ọ̀nà àtipadà sí. Èkejì, calendered, irin tó ń yí ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí kò gbàgbé. Bí oòrùn bá ti pa á dáadáa, ó ń fẹ́ sún kì padà, láti etí ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì yìí ló pọ̀ yányán lọ́jà, nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Ó dára fún ara ọkọ̀ tó tẹ́jú àti fún pátákó ìpolówó. Kò dára fún igun bọ́ńpà, ẹni tó bá sì lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, tó gba owó èyí àkọ́kọ́, olè ni. A kò rí orúkọ mìíràn fún un.

Kí ló dé tó jẹ́ igun? Ẹ wo ìyá tó ń wé gèlè. Bí aṣọ náà bá wà lórí ibùsùn, ta ni kò lè tẹ́ ẹ? Ìgbà tó bá dé orí, tí orí rí roboto, ni aṣọ tó ṣẹ́kù á bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ, ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó mọ gèlè wé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sítíkà. Àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ṣòro, ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì lè fi ike tẹ̀ ẹ́ kí ó dán. Ṣùgbọ́n ní igun, irin náà tẹ̀ sí ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, rọ́bà tó ṣẹ́kù kò rí ibi lọ. Ọmọ tí kò kọ́ṣẹ́ yóò wá ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ó lè fi agbára fà á títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣì, tí yóò tẹ́ẹ́rẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, á padà síbi tó ti wá. Ó sì lè ṣẹ́ ẹ po, kí ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kí ó sáré gbowó kí ó tó ṣí. Tàbí kí ó mú abẹ, kí ó gé e lórí mọ́tò olówó.

Abẹ yìí ló ń dùn wá jù. Èyí tó ṣí, a lè bó o, kí a tún un lẹ̀. Èyí tí abẹ bá ti kọjá lára ọ̀dà, irin ti rí afẹ́fẹ́. Omi ìfọkọ̀ yóò gba ibẹ̀ wọlé, eruku yóò mu omi náà dání bí ìgbà tí kànrìnkàn bá mumi, sítíkà yóò sì bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, onímọ́tò yóò bó sítíkà rẹ̀, yóò bá ọgbẹ́ pàdé. Nígbà yẹn, ọmọ tó gé e ti dé Àbújá.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? A fi ọṣẹ fọ ọkọ̀, a jẹ́ kí ó gbẹ, a fi sípíríìtì nu gbogbo etí, pàápàá inú etí tí ojú kò rí, tí gíríìsì máa ń sá pamọ́ sí. Kì í ṣe bẹntiróò, ẹ gbọ́? Òróró tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn bẹntiróò kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú. Bí ọkọ̀ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ oníkùn-ún, ó kéré tán, kí ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí ọ̀dà tútù ṣì ń mí, èémí rẹ̀ yóò sì gbé sítíkà sókè ní kókó kókó. Bí a bá lẹ àárín tán tí a dé igun, a kì í bá a jà. A ó gbé e padà sókè, a ó fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru ra á lára títí yóò fi rọ̀ bí awọ tí a rẹ sómi, a ó wá tàn án ká láti ibi tó gbòòrò, kí fífà náà má baà wà lójú kan. Èyí tó bá ṣẹ́kù yóò kọjá etí, a ó yí i wọ abẹ́, ó kéré tán bí ìdajì ìka. Bí a bá fẹ́ gé e, abẹ́ ibẹ̀ ni a ti ń gé e, níbi tí a ti gbé e kúrò lára ọ̀dà. Tépù kan tilẹ̀ wà báyìí tó ní okùn nínú: a ó kọ́kọ́ lẹ tépù sára ọkọ̀, a ó lẹ sítíkà lé e, a ó fa okùn náà, yóò sì gé sítíkà láìkan ọ̀dà rárá. Ó dé ọjà Nàìjíríà tipẹ́. Àwọn ọmọ wa kì í rà á nítorí pé abẹ kò wọ́n.

Iṣẹ́ kò tíì tán. Ó ku ohun tí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn máa ń fò. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti jókòó, a ó tún fi iná ẹ̀rọ náà lọ yíká gbogbo etí àti igun, títí ooru ibẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí 90 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí rọ́bà náà lè gbàgbé pé a fà á. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń nà sí i láti mọ bí ó ṣe gbóná tó. Díráyà àwọn onídìrí tí àwọn kan ń lò kì í sábà mú ooru tó bẹ́ẹ̀ wá. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Sítíkà tí ìdí rẹ̀ kò gbóná tó, kò lè jẹ oòrùn Kánò.

A mọ àwíjàre wọn. "Oòrùn Kánò ló ṣí i, Bàbá. Eruku ọyẹ́ ni." Òótọ́ ni pé oòrùn ìlú yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn Ìbàdàn. Ní oṣù Igbe, afẹ́fẹ́ lásán ń kan 40, irin dúdú tó wà níta á sì jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Òótọ́ tún ni pé sítíkà orí ọkọ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó kọjú sókè, kì í pẹ́ tó ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń ṣe é náà kì í fún méjèèjì ní ìdánilójú ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ló bá jẹ̀bi, kí ló dé tí àárín kò ṣí? Ṣé oòrùn mọ igun ni?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan àwa fúnra wa nìyí. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò fòfin de ọ̀kadà akérò, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Adaidaita Sahu sì gba gbogbo ìgboro. Olúkúlùkù oníkẹ̀kẹ́ ló ń fẹ́ kí tòun yàtọ̀, iṣẹ́ sítíkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í so èso. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, ara kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ: ojú tó tẹ́jú, òdòdó, ìràwọ̀, orúkọ agbábọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó bá wọn wí, nítorí ibẹ̀ kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí àwọn onímọ́tò dé, tí wọ́n ń fẹ́ orí dúdú, dígí dúdú, bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú, àwọn ọmọ náà kàn gbé abẹ wọn láti ara kẹ̀kẹ́ bọ́ sára mọ́tò. Àwa ọ̀gá ń wò wọ́n. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ń gba owó òmìnira lọ́wọ́ ọmọ oṣù mẹ́fà, wọ́n ń pa màlúù, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń gbé ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, ọmọ tí kò tíì fi ọwọ́ kan igun bọ́ńpà rí láyé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ wọ́ lójú wa, a sì ń jẹ ẹran.

Ẹ̀yin onímọ́tò náà, ẹ má rò pé a ti gbàgbé yín. Ẹ óò gbé ọkọ̀ tí ẹ fi owó ọdún mẹ́ta rà wá, ẹ óò wá ná iye iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni ná tòmátì. "Ẹni tó wà ní òdìkejì títì á gba ìdajì." Ẹ gbé e lọ bá a nígbà náà! Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ìdajì owó tí ẹ san, igun ni wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀, nítorí àárín ni ojú yín máa ń wò. Ẹni tó bá tún fẹ́ pa àwọ̀ gbogbo ọkọ̀ dà pátápátá, kí ó rántí pé àwọ̀ mọ́tò wà nínú ìwé rẹ̀. Kí ó lọ tún ìwé náà ṣe kí ọlọ́pàá tó bi í léèrè lójú ọ̀nà.

Àwọn kan sì wà tí a kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a jọ ń jókòó ní gbọ̀ngàn ni. Àwọn ni wọ́n ń ra ọkọ̀ tó ti forí sọ, tí wọ́n ń fi pọ́tì dí i, tí wọ́n ń fa ilẹ̀kùn aláwọ̀ mìíràn mọ́ ọn, tí wọ́n á wá fi sítíkà bo gbogbo rẹ̀, wọn á ní tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Èyí ti kọjá àìmọ̀ọ́ṣe, ìwà ni. Àwọn Yorùbá bí i tiwọn ni wọ́n sábà ń tà á fún, torí pé ọmọ ìyá kì í fura sí ọmọ ìyá.

Nǹkan yìí gan-an, a kò bí i fún ìbòmọ́lẹ̀. Ní 1971 ni òfin ilẹ̀ Jámánì ní kí takisí ní àwọ̀ kan ṣoṣo, àwọ̀ bí eyín erin. Ọkọ̀ aláwọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn láti tà fún ẹni tí kì í ṣe onítakisí. Nínú àwọn ọdún 1990 sí 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀ aláwọ̀ tó wù wọ́n, tí wọ́n ń fi rọ́bà aláwọ̀ eyín erin bò ó. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á, wọ́n á bó o, ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ á sì máa dán. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn, kí ohun tó wà lábẹ́ lè dára ju ti òkè lọ. Àwa ló yí i po.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tó ní sítíkà, kí ó má wo àárín. Kí ó ṣí ilẹ̀kùn, kí ó fi èékánná wá etí sítíkà ní igun ìsàlẹ̀, kí ó wo abẹ́ rọ́bà ẹnu búùtù. Kí ó mú òòfà kékeré dání: ibi tí irin bá wà tí òòfà kò mú, pọ́tì ti nípọn níbẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá bínú pé o ń wo igun, ìdáhùn rẹ nìyẹn.

A ti ṣe ìpàdé lórí rẹ̀, ohùn wa kò sì ṣọ̀kan lórí gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ní kí ẹ̀kọ́ṣẹ́ sítíkà di ọdún méjì gbáko. Àwọn mìíràn ní ọmọ tó lọ́wọ́ lè mọ̀ ọ́n kí ọdún kan tó pé. A fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé láti ìsinsìnyí, ọ̀gá tó bá wà nínú ẹgbẹ́ yìí kò gbọdọ̀ fún ọmọ ní òmìnira títí ọmọ náà yóò fi lẹ sítíkà mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àlòkù kan, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láìfi abẹ kan ọ̀dà. A ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì náà sínú oòrùn lẹ́yìn gbọ̀ngàn ní oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe. Bí igun kan bá ṣí, kò sí màlúù, kò sí fọ́tò. Ọ̀gá tó bá ṣe àgídí, a kò ní lọ síbi òmìnira ọmọ rẹ̀, a kò sì ní bá a dá owó lọ́jọ́ tí oníbàárà bá wá bá wa bí i ti ọjọ́ ọyẹ́ yẹn.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ti wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn báyìí. Ẹnikẹ́ni ló lè wá wò wọ́n. Méjì ti ní ọmọ tó ń bójú tó wọn. Ìwọ ọmọ tó pa fóònù, bí o bá ń ka ìwé yìí, tàbí bí ẹni tó bí ọ bá ń kà á, a kò lé ọ. Ìwọ ni a fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ dè. Tan fóònù rẹ.